Ọkọ̀ Ogun Ìyá Ọkọ Mi

Mo fẹ́ ọkọ, ọkọ mi lọ fẹ́ ọkọ̀. Bí mo ṣe máa ń dá àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi lóhùn nìyẹn bí wọ́n bá bi mí pé kí ló dé tí ojú mi fi fà ro láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Agbowó nígbà náà, mo sì le púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ọmọ tó bá fi ọkọ síbi tó yẹ kí ọkọ̀ wà, orí ìkúnlẹ̀ ni yóò ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rù mi. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ì bá dára kí wọ́n rí mi lọ́dún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Bódìjà ṣì jẹ́ ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ ohùn ẹyẹ lọ́sàn-án gangan, a sì mọ mọ́tò aládùúgbò kọ̀ọ̀kan nípa ìró rẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ni lọ́rì agégẹdú kan wọ àdúgbò wa, ó ń fọn fèrè, ọkọ mi jókòó sórí ẹrù rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ fi jọba. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹrù náà. Ó gùn tó láti ẹnu ọ̀nà iwájú ilé wa dé ilé ìdáná, ó dúdú, eruku bò ó, ihò roboto kan sì wà ní imú rẹ̀ níbi tí wọ́n ti máa ń de ìbọn àgbá mọ́. Ó ku díẹ̀ kó wó ògiri ọgbà wa kó tó wọlé. Ìyàwó àlùfáà tó ń gbé òdìkejì jáde, ó wo ọkọ̀, ó wo ojú ọ̀run tí kò ṣú rárá, ó wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ọkọ mi ti gbọ́ pé ìkún-omi ń bọ̀. Ojú tì mí débi pé mo wọlé lọ mu gààrí tí ebi rẹ̀ kò pa mí.

Ọkọ̀ ogun ìdílé ìyá ọkọ mi ni. Abúlé kan létí ọ̀sà lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti wá, bàbá ìyá ọkọ mi ló sì jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ náà láyé ìgbà tí wọ́n ń jagun lórí omi. Nígbà tí ogun tán, wọ́n gbé e sábẹ́ ahéré kan létí omi, ibẹ̀ ló wà títí ahéré fi wó lé e lórí. Àwọn ọ̀dọ́ ìdílé wá ní kò sí ohun tí ó ń ṣe níbẹ̀ mọ́, pé àwọn fẹ́ fi ayùn là á sí pákó. Ọkọ mi lọ sí ìpàdé ẹbí, ó bẹ̀bẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n fún un ní ọdún kan. Kó gbé e lọ, kó tún un ṣe. Bí ó bá léfòó lójú àwọn àgbà ìdílé kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kọ́ ilé tuntun fún un, wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá léfòó, ayùn ni.

Káfíńtà ọmọ ogun ojú omi ni ọkọ mi kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù àga àti bẹ́ẹ̀dì ní Ṣálẹ́ńjì. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ìjọba rán an lọ sílùú Gẹ̀ẹ́sì láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ ogun onígi àtijọ́ kan tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí àwọn káfíńtà ń pààrọ̀ igi rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láìdúró, wọ́n sì jẹ́ kó bá wọn ṣe nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ wọ iṣẹ́ ogun lọ́jọ́ kan náà, tó ń kan bọ́dì onípákó fún àwọn lọ́rì ní Mọ́kọ́lá. Amẹ́ríkà ni wọ́n rán ìyẹn lọ ní tirẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní ọkọ̀ ogun onígi tiwọn, ṣùgbọ́n orí omi ni tiwọn wà títí dòní. (Kí ẹ má rò pé n kò lẹ́kọ̀ọ́ bí mo ṣe ń pe àwọn méjèèjì ní "ó". Ọjọ́ orí wa súnmọ́ra. Lójú àlejò, "ẹ̀yin" ni mò ń pe ọkọ mi. Bí ó bá ku àwa nìkan, tí inú sì ń bí mi, "ìwọ" ni.)

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wá sílé wa, iṣẹ́ àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà kò sì ju kí wọ́n máa jiyàn lórí ọkọ̀ òyìnbó. Ọ̀rẹ́ yìí ń pe ọkọ mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ mi ń pè é ní Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì á ní ọmọ ọmọ ni ọkọ̀ tiwọn jẹ́ sí tòun, pé inú ọkọ̀ tòun ni ọ̀gágun kú sí lójú ogun, ta ni ọ̀gágun tiwọn? Amẹ́ríkà á ní ẹja tó bá kúrò nínú omi tó wá ń gbé orí tábìlì, ẹja yíyan ni, kí wọ́n má pe ẹja yíyan ní ẹja mọ́. Èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́. Ẹni tí mo bá dá lẹ́bi á dìde dúró ṣánṣán, á kí ẹnì kejì bí ọmọ ogun ṣe ń kí ọ̀gá, á sì fọ mọ́tò ìjàpá ọkọ mi tàbí alùpùpù ti Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gbọ́ wọn á rò pé baba tó bí wọn ló gbẹ́ àwọn ọkọ̀ náà. Àwọn òyìnbó tó ni ọkọ̀ kò tilẹ̀ rántí pé wọ́n wà láyé. Mo máa ń pòṣé, ṣùgbọ́n àárò àwọn Sátidé yẹn ń sọ mí. Bí mo bá kọjá ní àdúgbò náà nísinsìnyí tí gbogbo ojú ilé ti di ṣọ́ọ̀bù, etí mi ṣì máa ń wá ẹ̀rín àwọn méjèèjì.

Ìyá ọkọ mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà náà, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ìrọ̀lẹ́ kan, àwa méjèèjì ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, ojú wọn kò kúrò lára ọkọ̀ náà. Wọ́n sọ fún mi pé lẹ́yìn tí ogun ti tán pàápàá, wọ́n máa ń gbé e jáde lọ́dọọdún, àwọn ọmọbìnrin ìdílé á sì fi kànìnkànìn àti iyanrìn fọ̀ ọ́. Ara ìta rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fọ̀. Obìnrin kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ ogun, èèwọ̀ ni. Ìyá fúnra wọn ni àkọ́bí ọ̀gá ọkọ̀, síbẹ̀ àwọn ló máa ń dúró létí omi nígbà tí àwọn àbúrò ọkùnrin tí àwọn gbé pọ̀n bá jókòó sínú rẹ̀, tí wọ́n ń yọ ṣùtì sí wọn.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "mo fẹ́ jókòó nínú rẹ̀ lójú omi kí n tó kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Má sọ fún ọkọ rẹ o, kó má lọ tìtorí mi bá wọn jà."

Mo ṣèlérí pé n kò ní sọ. Ohun tí mo tún ṣèlérí, nínú ọkàn mi, ni pé n kò ní gbàgbé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dẹ́kun àtimáa fi ìpá gbá ọkọ̀ náà bí mo bá ń kọjá lọ sá aṣọ.

Ọkọ mi tọ́jú ọkọ̀ náà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ ọ. Ó gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, ó kun ẹsẹ̀ àwọn búlọ́ọ̀kù náà ní ọ̀dà kóótà nítorí ikán, ó fi páànù bò ó lókè kí òjò má kàn án. Ibi tó bá ti jẹrà, á gbẹ́ ẹ kúrò, á fi ìrókò tuntun dí i, á wá fi àkísà tó rẹ sínú òróró nu gbogbo rẹ̀ láti imú dé ìdí. Kí n sọ òtítọ́, ó dùn ún wò. Bí ó bá rí ojú àáké àtijọ́ lára igi náà, á pè mí kí n wá fọwọ́ kàn án, á ní ibí ni ọwọ́ ti dun ẹnìkan tó fi sinmi. Owó àga àti bẹ́ẹ̀dì ń bẹ ní Ṣálẹ́ńjì tí kò lọ gbà, ṣùgbọ́n ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni.

Ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ọdún náà kì í ṣe ti eré. Ètè là, gìgísẹ̀ là, ilẹ̀kùn yàrá wa tí kò ṣeé tì láti ìgbà òjò bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé wẹ́rẹ́. Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni iná ti ń jó oko kòkó, a máa ń rí èérú dúdú tó ń fò wá sórí aṣọ tí a sá. Ọkọ̀ ogun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í là. A ó jókòó ti ẹ̀kọ láàárọ̀, a ó gbọ́ "pá" láti ẹ̀yìnkùlé, ọkọ mi á fi oúnjẹ sílẹ̀, á sáré jáde. Ó ki òwú àti kóótà bọ ibi tó là. Lọ́jọ́ kejì, ó tún là níbòmíràn. Ó fi òróró kún òróró. Kàkà kó sàn, ńṣe ni àwọn ìlà náà ń fẹ̀ tí ìka fi ń wọ inú wọn.

Ọ̀sán kan tó wà lẹ́nu òwú kíkì yìí, Ìyá jókòó sórí ẹní wọn, wọ́n ń wò ó. Wọ́n wá yíjú sí mi. "Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́," ni wọ́n wí. "Ẹ fún un lómi."

Mo wo ọkọ mi, mo rí òógùn tó bo ojú rẹ̀. Mo bu omi tútù sínú kọ́ọ̀bù, mo gbé e fún un. Ó mu ún tán, ó dúpẹ́. Ìyá wo àwa méjèèjì títí.

Àárín ìgbà ọyẹ́ náà ni iyàn di ìjà. Amẹ́ríkà wá lọ́jọ́ Sátidé, ó tẹ ìka rẹ̀ bọ ojú ìlà kan, ó ní igi ti gbẹ ju, kí wọ́n gbé e lọ sínú omi Ẹlẹ́yẹlé kó tó pẹ́ jù. Ọkọ mi ní ọkọ̀ tó ti lo nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n ní kí òun lọ jù ú sómi kó jẹrà. Amẹ́ríkà ní ti àwọn wà nínú omi, kò jẹrà. Ọkọ mi ní ti àwọn wà lórí ilẹ̀, kò là. Bí wọ́n bá dá a dúró síbẹ̀, ì bá dáa. Amẹ́ríkà ló wá sọ pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ọkọ mi ń kà, kò ka igi. Ọkọ mi ní ẹni tó ń kan bọ́dì lọ́rì kò lè kọ́ òun ní iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Amẹ́ríkà gbé fìlà rẹ̀. Ó kí mi, ó kí Ìyá, kò kí ọkọ mi. Sátidé mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn tí kò wá, ilé wa pa rọ́rọ́, ọkọ mi ń fọ mọ́tò ìjàpá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo rí i pé ó ń dùn ún. 

Nígbà tó ku bí oṣù kan kí òjò bẹ̀rẹ̀, ó gbéra lọ sí abúlé lọ bẹ àwọn àgbà kí wọ́n fi ọdún kan kún un. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀, pé wọn kò ní gbà. Bí ó ṣe lọ tán ni Ìyá pè mí wọ yàrá, wọ́n ní kí n lọ pe ọ̀rẹ́ ọkọ mi wá ní Mọ́kọ́lá. Mo lọ. Òun àti Ìyá tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n sọ̀rọ̀ títí. Nígbà tó jáde, ó ní kí n má bínú, òun fẹ́ lọ mú lọ́rì àti àwọn ọmọṣẹ́ òun wá.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà dé Ẹlẹ́yẹlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èmi náà bá wọn lọ. Amẹ́ríkà ti bá àwọn apẹja ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ̀ náà yóò mu omi díẹ̀, kí n má ṣe fòyà. Wọ́n tì í sínú omi, mo rí i tó ń léfòó, inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo ojú ìlà yẹn wọlé bí ìgbà tí èèyàn da omi sínú asẹ́. Amẹ́ríkà kò bu ú dànù. Òkúta ni òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ tún ń kó sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà lọ sísàlẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ku imú rẹ̀ nìkan tó yọ síta. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní kí n fún òun ní ọjọ́ márùn-ún.

N kò sùn dáadáa. Ọkọ mi fi iṣẹ́, fi owó, fi odindi ọdún kan sínú ọkọ̀ yìí, èmi sì dúró, mo ń wò, ọ̀rẹ́ rẹ̀ rì í sínú omi. Kí ni n ó sọ fún un? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ takisí lọ sí Dùgbẹ̀, mo lọ tẹ wáyà sí i nílé ìfìwéránṣẹ́. N kò lè kọ ọ́ pé ọkọ̀ ti rì, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́, mo bá kọ ọ́ pé ó ń jò. Mo fi gbogbo àmì sí i lórí ìwé. Akọ̀wé tó gbà á rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ àwọn kò mọ àmì, lẹ́tà ńláńlá nìkan ló ní. Mo bá a fà á díẹ̀, bí olùkọ́. Nígbà tó yá mo ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀, ṣé ọkọ mi kò mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń wí ni? Ohun tó jáde nìyí: OKO NJO MAA BO KIAKIA.

Àwọn àgbà ní àsọ̀rọ̀ àìlàdí ló pa Elémpe ìṣáájú, tó ní igbá wúwo ju àwo lọ. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti wọ omi ni ọkọ mi wọlé. Èérú bò ó, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ ti ya. Ó jókòó sórí àga àkọ́kọ́ tó rí.

"Kò jó," ni ó wí. "Oko kò jó. Èéfín ni mo rí lórí òkè kejì, a sì ti ro igbó yí i ká. Ta ló sọ fún ọ pé ó ń jó?"

"Oko wo?"

Ó yọ wáyà mi jáde lápò, ó nà án sí mi. Mo wò ó. Mo wo àwọn lẹ́tà ńláńlá náà, kò sí àmì kan lórí wọn, kò sí àmì kan nísàlẹ̀ wọn, mo sì rí i kedere bí òun náà ṣe rí i. Ọkọ mi ní oko kòkó kékeré kan lẹ́yìn Àpáta, lọ́nà Abẹ́òkúta, iná sì ń jó oko gbogbo èèyàn lọ́dún náà. Nígbà tí wáyà dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí mo tẹ̀ ẹ́, kò ya ilé rárá. Ó kọjá Ìbàdàn lọ sí oko tààrà, ó sì fi ọjọ́ tó kù bá àwọn alábàágbé oko ro ilẹ̀ nítorí iná tí kò wá.

"Ọkọ̀ ni mo kọ," ni mo wí.  "Ọkọ̀ ń jò."

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé. Búlọ́ọ̀kù nìkan ló bá lábẹ́ páànù. N kò lè gbàgbé bí ó ṣe dúró níbẹ̀.  Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ nínú ìjàpá títí a fi dé Ẹlẹ́yẹlé.

A bá Amẹ́ríkà nínú omi dé orókún, ó ń fi garawa gbọ́n omi jáde. Ó ti kó àwọn òkúta kúrò. Ọkọ̀ náà ń léfòó. Omi tó kù nínú rẹ̀ kò bo kókósẹ̀, èyí tó sì ń wọlé kò ju kó máa sẹ̀ bí òógùn. Ọkọ mi bọ́ sínú omi tòun ti ṣòkòtò rẹ̀, ó fi èékánná wá ojú àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Igi ti yó, ó ti wú, ó ti pa ojú ara rẹ̀ dé. Ó yọ ọ̀bẹ lápò, ọ̀bẹ kò wọlé. Ó dúró ṣánṣán nínú omi níbẹ̀, ó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ogun ṣe ń kí ọ̀gá, ó ní, "Amẹ́ríkà, o borí."

Amẹ́ríkà kò gba ìkíni náà. Ó ní kì í ṣe Amẹ́ríkà. Ó ní òun kò mọ̀ ju pé kí wọ́n gbé e sómi lọ. Ó ní Ìyá ló sọ fún òun pé ọjọ́ márùn-ún ni, kí wọ́n kó òkúta sí i, nítorí lẹ́yìn ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan ni bàbá wọn máa ń rẹ ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ló sì ń ṣa òkúta náà. Ó ní ká ní òun nìkan ni, òun ì bá ti fà á yọ lọ́jọ́ kejì. Ọkọ mi ní ká ní wáyà yé òun ni, òun ì bá ti fà á yọ kí ọ̀rẹ́ òun tó dé etí omi láti dá òun dúró, igi ọgọ́rùn-ún ọdún náà ì bá sì ti di iṣẹ́ ayùn. Àwọn méjèèjì wá wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró létí omi, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a délé, ọkọ mi kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun láti ọjọ́ yìí.

"Mo sọ ọ́," ni Ìyá wí. "Mo ní òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, kí wọ́n fún un lómi. Ìyàwó rẹ bu omi wá, o sì mu ún."

Ọkọ mi ránṣẹ́ sí abúlé, àwọn àgbà ìdílé mẹ́rin sì wá bá wa ní Ẹlẹ́yẹlé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e. Àbúrò Ìyá, arúgbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń fi ọ̀pá rìn, ni olórí wọn. Wọ́n rìn yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n tì í jìnnà sétí omi, wọ́n fà á padà, wọ́n ní kí àwọn apẹja mẹ́fà wọ inú rẹ̀. Ó léfòó. Olórí wọn mi orí, ó ní ayùn ti padà sílé, pé wọ́n á kọ́ ilé ọkọ̀ náà kí ọdún tó parí. Ó bi wá bóyá ó tún ku ohun kan.

Mo wo Ìyá. Wọ́n ti wọ ìró tó dára jù tí wọ́n ní, wọ́n di ọwọ́ mú níwájú, wọ́n ń wo ọkọ̀ náà, wọn kò lè sọ ọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi ìyàwó ilé kò ní ohùn níbi tí àwọn àgbà ìdílé bá wà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, mo ní kí wọ́n má bínú, Ìyá fẹ́ wọ inú rẹ̀.

 Ọkọ mi yíjú wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí wọn rí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni arúgbó náà wí, "ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni."

"Mo mọ̀," ni Ìyá dáhùn. "Mo ti ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bí ọ. Èmi ni mo gbé ọ pọ̀n wá síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwọ kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀."

Arúgbó náà wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá sọ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Ọkọ̀ ogun ni wọ́n ṣe èèwọ̀ fún," ni ó wí. "Ogun ti tán." Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí wọn.

Ọkọ mi àti Amẹ́ríkà ló wà á, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, Ìyá jókòó láàárín. Ìyá di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà mú lọ́tùn-ún lósì. Láti etí omi, a kàn ń rí gèlè wọn tó ń jìnnà lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ mi gbé wọn sọ̀kalẹ̀, ó gbé wọn jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo bi wọ́n pé báwo ló ṣe rí. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó mi, kò sí ibi tí èèyàn lè fara pamọ́ sí nínú rẹ̀," ni wọ́n wí. "Láti ìta, mo máa ń rò pé ògiri ni. Mo jókòó, kò bò mí dé àyà. Ibẹ̀ ni bàbá mi jókòó sí, tí wọ́n lọ kojú ìbọn. Wọ́n máa ń sọ ìtàn ogun náà fún wa, àwa á máa pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rù á ti bà wọ́n. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó bi wọ́n rí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bàbá wọn bí ọmọ kékeré. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi nu ẹsẹ̀ wọn tó tutù.